Onígbàjámọ̀ Tó Ń Ta Ìròyìn Ilé Ara Rẹ̀

Bí ẹ bá gba iwájú ààfin Ìgá Ìdúngànran wọ Ẹnu Ọ̀wá, tí ẹ sì béèrè Mujeeb onígbàjámọ̀, ẹni àkọ́kọ́ tí ẹ bá pàdé ni yóò mú yín dé ẹnu ọ̀nà rẹ̀. Iwájú ilé tí bàbá bàbá rẹ̀ kọ́ ni ṣọ́ọ̀bù náà wà, yàrá kékeré kan tí wọ́n kùn ní àwọ̀ ewéko. Àga ìgẹrun kan wà nínú rẹ̀ pẹ̀lú dígí ńlá kan, bẹ́ǹṣì gígùn kan sì wà níta fún àwọn tó ń dúró kó kàn wọ́n. Ká má parọ́, àwọn tí kò ní irun kankan láti gẹ̀ ló ń jókòó sórí bẹ́ǹṣì náà jù.

Abdulmujeeb ni bàbá rẹ̀ sọ ọ́, ṣùgbọ́n orúkọ tó gùn tó bẹ́ẹ̀, inú ìwé nìkan ló ti wúlò. Mujeeb ni tọmọdé tàgbà ń pè é. Ọwọ́ rẹ̀ fúyẹ́ lórí èèyàn. Bí wọ́n bá bímọ ní agbo ilé èyíkéyìí ní àyíká náà, òun ni wọ́n ń pè láti wá fá orí ọmọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, ọ̀pọ̀ ọmọ ló sì jẹ́ pé oorun ni wọ́n máa ń sùn títí yóò fi fá a tán. Síbẹ̀, bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe mọṣẹ́ tó, ẹnu rẹ̀ tún jù ú lọ. Kì í ṣe òfófó, kì í sì í gbé ọ̀rọ̀ láti ilé kan lọ tú ìkejì. Ìtàn ló mọ̀ ọ́n sọ. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lánàá lójú gbogbo ayé, àwọn tó wà níbẹ̀ gan-an máa ń fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ̀, nítorí ìgbà tí Mujeeb bá sọ ọ́ tán ni wọ́n tó ń mọ̀ pé ohun tí àwọn fojú rí dùn tó bẹ́ẹ̀.

Hàwáwù ìyàwó rẹ̀ ń ta òwú àti bọ́tìnnì ní Balógun. Ọmọ méjì ni Ọlọ́run fún wọn: Haneefah, tó wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tó sì jogún ẹnu bàbá rẹ̀, àti Ihsan, ọkùnrin, tí kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́ta. Ìyá Mujeeb, tí gbogbo ilé ń pè ní Ìyá Àgbà, ló ni yàrá ìsàlẹ̀ tí fèrèsé rẹ̀ kọjú sí ṣọ́ọ̀bù. Láti ojú fèrèsé yẹn ni màmá ti ń dá sí ọ̀rọ̀ àwọn ọkùnrin, wọ́n pè é o, wọn ò pè é o.

Bí Haneefah bá ti ilé ìwé dé, orí bẹ́ǹṣì ló ti ń ṣe iṣẹ́ tí wọ́n fún un wá sílé, àwọn kọ́sítọ́mà a sì máa bá a dá sí i. Nígbà kan, ìṣirò kan ṣoṣo dá ìjà sílẹ̀ láàárín àwọn àgbà tó wà níbẹ̀. Túnjí, ọmọ Iléṣà tó ń tún ẹ̀rọ ìránṣọ ṣe ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́, ló jiyàn jù. Kálukú di ìdáhùn tirẹ̀ mú títí ilẹ̀ fi ń ṣú lọ. Ọmọ náà kọ gbogbo ìdáhùn wọn sílẹ̀ kó má baà já ẹnikẹ́ni kulẹ̀, tíṣà sì fa igi pupa sórí gbogbo rẹ̀. Bí iná bá sì lọ nígbà tí kílípà ṣì wà lórí èèyàn, onítọ̀hún á jókòó pẹ̀lú irun ẹ̀gbẹ́ kan, Ìyá Àgbà á sì bu oúnjẹ fún un kó tó di pé wọ́n rí jẹnẹrétọ̀ tàn.

Bí ayé ṣe ń lọ fún wọn nìyẹn. Mujeeb ò ka ìkankan nínú rẹ̀ sí nǹkan bàbàrà. Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni òrùlé. Òrùlé ilé náà ti gbó, bí òjò bá ń rọ̀, wọn a máa gbé ike káàkiri yàrá òkè. Hàwáwù náà sì fẹ́ gba ṣọ́ọ̀bù tó fẹjú díẹ̀ sí i ní Balógun. Nígbà míì, bí Mujeeb bá ti palẹ̀ mọ́ lálẹ́, a wo òrùlé, a wo kílípà ọwọ́ rẹ̀, a mí kanlẹ̀. Ìgbà wo ni kílípà yóò gẹ irun tó tó pánù?

Ọjọ́ Jímọ̀ kan ni ọkọ̀ dúdú kan wọ àdúgbò, tó fẹ́rẹ̀ẹ́ fẹ̀ ju ojú ọ̀nà lọ. Bàbá àgbàlagbà kan sọ̀ kalẹ̀ nínú rẹ̀, ó wọ aṣọ funfun, ó sì ń wo ògiri àwọn ilé bí ẹni tó ń wá nǹkan tó sọ nù. Alhaji Jimoh lorúkọ rẹ̀. Ọmọ Lafíàjí ni, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ gan-an tó ti kó kúrò ní Erékùṣù. Àdúà òkú ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan ló gbé e wá. Ó rí bẹ́ǹṣì, ó rí àwọn èèyàn tó ń rẹ́rìn-ín lórí rẹ̀, ló bá ní kí wọ́n bá òun tún irùngbọ̀n òun ṣe.

Mujeeb ta aṣọ funfun bò ó, ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́, ó sì ń bá ìtàn tó wà lẹ́nu rẹ̀ lọ. Ìtàn àgbò kan ni, èyí tí aládùúgbò kan rà sílẹ̀ de Iléyá. Àgbò náà já okùn, ó gun àtẹ̀gùn dé òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì, ó wọ yàrá ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé, ó rí ara rẹ̀ nínú dígí, ló bá bẹ̀rẹ̀ sí í bá dígí jà. Ìyàwó gun orí àga, ó ń pe ọkọ rẹ̀. Ọkọ dé ẹnu ọ̀nà, ó wo ìwo àgbò, ó ní òun ń lọ pe àwọn èèyàn wá.

"Ṣó wá pè wọ́n?" Alhaji béèrè.

"Ó ń pè wọ́n lọ títí dé Ìdúmọ̀tà, sà. Ìgbà tí a pa àgbò tán ló padà dé, ó ní kí wọ́n fún òun ní itan."

Alhaji rẹ́rìn-ín débi pé Mujeeb ní láti gbé abẹ kúrò lọ́rùn rẹ̀. Nígbà tí ó dìde, kò lọ. Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó gbọ́ ìtàn méjì sí i kí dírẹ́bà tó wá rán an létí pé ọ̀nà jìn.

Lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, dírẹ́bà náà nìkan ló padà wá, pẹ̀lú iṣẹ́ tí ọ̀gá rẹ̀ rán an. Alhaji ní ilé ńlá kan létí ọ̀sà lójú ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, ó sì kọ́ àwọn yàrá àlejò síbẹ̀. Ó fẹ́ kí Mujeeb wá máa gbé lọ́dọ̀ òun, kó máa tọ́jú orí òun àti ti àwọn àlejò òun. Yàrá tirẹ̀ wà pẹ̀lú ẹ̀rọ amúlétutù, oúnjẹ wà lọ́fẹ̀ẹ́, yóò sì máa wá sílé ní ọjọ́ Àìkú kan lóṣù. Nígbà tí dírẹ́bà dárúkọ owó oṣù náà, Túnjí tó ń gbọ́ láti ṣọ́ọ̀bù ẹ̀gbẹ́ jẹ́ kí irin ọwọ́ rẹ̀ jábọ́.

Mujeeb àti ìyàwó rẹ̀ jọ gbà á rò.

"Ẹ lọ wò ó," Hàwáwù sọ. "Kì í ṣe Mẹ́kà lẹ ń lọ. Tí kò bá dáa, ọ̀nà tí ẹ gbà lọ náà lẹ máa gbà bọ̀."

Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ṣàdúà títí, ó wá fi kún un pé, "Má ṣe jẹ́ kí ọbẹ̀ wọn mú ọ gbàgbé tèmi o. Àwọn olówó kì í fi ata sí nǹkan."

Bẹ́ẹ̀ ni Mujeeb ṣe gbé báàgì, ó wọkọ̀ ní CMS, ó kọrí sí ọ̀nà Ẹ̀pẹ́. Haneefah tẹ̀ lé e dé ibùdókọ̀ pẹ̀lú ìyá rẹ̀, ó sì rán bàbá rẹ̀ ní oríṣiríṣi nǹkan tí ó fẹ́ kó rà bọ̀, tó fi mọ́ ẹṣin.

Ilé náà dára, kò ṣeé fẹnu sọ. Koríko ibẹ̀ dọ́gba bí irun tí Mujeeb fúnra rẹ̀ gẹ̀. Omi ń fúnra rẹ̀ tú jáde láti inú ilẹ̀, ó ń wọ́n koríko, ó sì ń dáwọ́ dúró láìsí ẹni tó sọ fún un. Lálẹ́ ọjọ́ tó dé, ó tan ẹ̀rọ amúlétutù, ó fi aṣọ bora nínú oṣù tí àwọn èèyàn ń sùn síta ní Ẹnu Ọ̀wá nítorí ooru, ó sì fi ẹ̀rín sùn lọ. Oúnjẹ náà dé ní àárọ̀, ẹran tó wà lórí rẹ̀ tóbi. Ó jẹ ẹ́ ní àjẹpọ́nnulá. Nígbà tó yá ló ṣàkíyèsí pé òun ń fi ọwọ́ òsì dáàbò bo ẹran náà bó ṣe máa ń ṣe nílé, nítorí Haneefah. Kò sì sí ẹnì kankan níbẹ̀ tó fẹ́ mú un.

Iṣẹ́ ọ̀hún wá ṣòro lọ́nà kan: kò sí iṣẹ́. Àwọn àlejò ò wọ́pọ̀. Alhaji fúnra rẹ̀ a pè é láràárọ̀ pé kó wá tún irùngbọ̀n òun ṣe. Irùngbọ̀n tí wọ́n gé lánàá, kí ló fẹ́ hù nínú rẹ̀ kí ilẹ̀ òní tó mọ́? Mujeeb a kàn máa fi abẹ rìn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ bàbá náà fún ìwà ọmọlúàbí. Kó tó ta aṣọ bò ó tán, Alhaji á ti béèrè.

"Mujeeb, kí ló tún ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó?"

Kò pẹ́ tí Mujeeb fi mọ iṣẹ́ tí wọ́n gbé òun wá ṣe. Kì í ṣe ọwọ́ rẹ̀ ni wọ́n rà. Ó sọ ìtàn àgbò tán, ó sọ ti ọkùnrin tó ṣèèṣì sunkún lórí òkú ìyàwó ẹlòmíì, ó sọ ti ìyá oníwàrà tó fi adé orí ọmọlangidi pààrọ̀ fìlà ọkọ rẹ̀. Ó sọ tọdún yìí, ó sọ tèṣín. Ìgbà tó yá, àpò ìtàn gbẹ. Èèyàn tó bá wà láàárín koríko tí kò mira, kí ló máa rí rò?

Ló bá yíjú sí fóònù. Ní ìrọ̀lẹ́, bí Hàwáwù bá ti ọjà dé, Mujeeb á pè é.

"Ìyá Haneefah, báwo ni? Àwọn ọmọ ńkọ́? Ó dáa. Kí ló ṣẹlẹ̀ lónìí?"

Hàwáwù gan-an kọ́kọ́ gbádùn rẹ̀. Ó rò pé àárò ilé ló ń sọ ọkọ òun. Ó sọ fún un pé Túnjí fẹ́ lọ mọ ilé àna rẹ̀, ó sì pa irun orí rẹ̀ láró kó lè dà bí ọ̀dọ́. Òjò pàdé rẹ̀ lójú ọ̀nà. Ìgbà tó fi máa dé iwájú àwọn àna, aró ti ṣàn dé kọ́là aṣọ, etí rẹ̀ dúdú, orí rẹ̀ funfun. Ìyá ìyàwó rọra béèrè bóyá bàbá ọkọ ìyàwó ló kọ́kọ́ dé.

Lówùúrọ̀ ọjọ́ kejì, Mujeeb ta ìtàn náà fún Alhaji bó ṣe gbóná, ó fi ìgbésẹ̀ Túnjí hàn án, ó fi ojú àna hàn án. Alhaji gbá ọwọ́ lórí àga. Láti ọjọ́ náà ni ilé Ẹnu Ọ̀wá ti di oko tí Mujeeb ń kórè lórí fóònù. Ohun tí Ìyá Àgbà bá sọ lójú fèrèsé ní ọ̀sán, Alhaji á gbọ́ ọ pẹ̀lú tíì àárọ̀. Bí eyín Haneefah bá yọ, Alhaji á mọ apá ibi tó ti yọ. Owó sì ń wọlé. Wọ́n ṣí òrùlé àtijọ́ kúrò, wọ́n kan tuntun. Hàwáwù ti ń bá onílé ṣọ́ọ̀bù tuntun sọ̀rọ̀. Bí òjò bá rọ̀, Ìyá Àgbà a pe ọmọ rẹ̀ lórí fóònù, a gbé fóònù sókè kó lè gbọ́ bí òjò ṣe ń lu pánù tuntun láìwọlé.

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo ń gbọ́ ọ, Màámi."

Ọjọ́ Àìkú tó yẹ kó wá sílé dé, àlejò pọ̀ lọ́dọ̀ Alhaji, kò lè lọ. Ti oṣù tó tẹ̀ lé e, ara Alhaji ò yá, ó ní kí Mujeeb má lọ. Ìgbà tó wá rí àyè wálé, ó ti pẹ́ tó fi ojú kan Ẹnu Ọ̀wá. Ó ra búrẹ́dì, ó ra ẹṣin kan tí wọ́n fi rọ́bà ṣe, ó wọlé, gbogbo ilé yọ̀ mọ́ ọn. Haneefah dì mọ́ ọn lọ́rùn bí ẹ̀gbà. Ihsan nìkan ló sá sẹ́yìn ìró Ìyá Àgbà.

"Ihsan, wá kí bàbá rẹ," Hàwáwù sọ.

Ọmọ náà yọ ojú kan jáde, ó wo ọkùnrin tó wà láàárín ilé, ó sì na ìka sí fóònù ìyá rẹ̀ lórí tábìlì. "Bàbá," ó sọ.

"Rárá o, bàbá rẹ nìyí."

Ihsan rọra rìn dé ìdí tábìlì. Ó gbé fóònù, ó gbé e létí, ó kọ ẹ̀yìn sí gbogbo wọn, ó sọ̀rọ̀ sí i jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́. "Bàbá, ẹ máa bọ̀. Ẹnì kan wà nílé wa."

Wọ́n rẹ́rìn-ín títí. Túnjí wá láti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ kí wọ́n tún un sọ fún òun. Mujeeb náà rẹ́rìn-ín, ó gbé ọmọ náà mọ́ra, ọmọ ń fi ọwọ́ tì í láyà. Ó jẹ ọbẹ̀ ìyá rẹ̀, ó gbóríyìn fún òrùlé, ó tún jókòó díẹ̀ lórí bẹ́ǹṣì. Ìrọ̀lẹ́ ló padà sí CMS láti wọkọ̀. Ó jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, ó rántí ọ̀rọ̀ Ihsan, ó tún rẹ́rìn-ín. Kí wọ́n tó dé Lẹ́kí, ẹ̀rín náà ti tán lẹ́nu rẹ̀, ọ̀rọ̀ ọmọ náà ò sì tán.

"Kí ló ṣẹlẹ̀ ní Ìsàlẹ̀ Èkó?" Alhaji béèrè lówùúrọ̀.

Mujeeb mọ̀ pé ọjà gidi wà lọ́wọ́ òun. Ó sọ ìtàn Ihsan. Ó fi ọwọ́ gbé fóònù tí kò sí sétí, ó kọ ẹ̀yìn bí ọmọ náà ṣe kọ ọ́, ó sín ohùn rẹ̀ jẹ. Alhaji rẹ́rìn-ín títí omi fi jáde lójú rẹ̀.

"Tún un sọ," ó ní.

Mujeeb tún un bẹ̀rẹ̀. Ó dé ibi tí ọmọ náà ti kọ ẹ̀yìn, ó gbé ọwọ́ sétí, ó ní, "Bàbá, ẹ máa bọ̀." Èyí tó kù ò jáde. Ó dúró síbẹ̀, ọwọ́ létí, abẹ lọ́wọ́ kejì, ó ń wo dígí. Alhaji náà ń wò ó nínú dígí.

Bàbá náà rọra gbé ojú kúrò nínú dígí. "Tìẹ tiẹ̀ mọ̀ pé o wà nínú fóònù," ó ní. "Àwọn tèmi ò pè. Èmi ni mò ń pè wọ́n, wọn a ní àwọn wà níbi iṣẹ́. Òótọ́ ni wọ́n ń sọ o, iṣẹ́ náà ni èmi fi kọ́ wọn. Nígbà tí wọ́n kéré, pápákọ̀ òfurufú ni wọ́n mọ̀ mí sí jù."

"Ọlọ́run á jẹ́ kẹ́ ẹ rẹ́ni tọ́jú yín, sà."

"Èèyàn ń tọ́jú mi. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n." Ó nu ojú rẹ̀ pẹ̀lú etí aṣọ funfun náà. "Mo mú ìyá mi kúrò ní Lafíàjí, mo gbé e lọ sí ilé tí ó ní ògiri gíga àti gééètì. Mo rò pé mo ṣe nǹkan gidi fún un. Láràárọ̀ ló máa ń béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ló kọjá. Mo ní, Màmá, kò sẹ́ni tó ń gba ibí kọjá. Ó tún máa ń béèrè lọ́jọ́ kejì."

Mujeeb tún irùngbọ̀n tí kò nílò àtúnṣe náà ṣe, ó ká aṣọ kúrò.

Ní ìrọ̀lẹ́, ó pe Hàwáwù bí ìṣe rẹ̀. Ó kí i, ó kí àwọn ọmọ, ó wá béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ lónìí.

"Mi ò ní ìròyìn," Hàwáwù sọ.

"Kò sí nǹkan kan tó ṣẹlẹ̀ ni?"

"Nǹkan ṣẹlẹ̀. Ó dùn gan-an. Ìyá Àgbà ṣì ń rẹ́rìn-ín rẹ̀ lọ́wọ́ báyìí, ẹ lè máa gbọ́ ọ." Lóòótọ́, ẹ̀rín ìyá rẹ̀ ń dún lẹ́yìn lọ́hùn-ún. "Ṣùgbọ́n mi ò ní sọ ọ́. Bàbá Haneefah, mo ti mọ ibi tí ọ̀rọ̀ wa ń lọ. Ẹ fẹnu ara yín sọ ọ́ fún Túnjí lórí bẹ́ǹṣì pé ọ̀rọ̀ ilé wa lẹ fi ń pa Alhaji lẹ́rìn-ín. Inú bí mi díẹ̀, kò bí mi púpọ̀. Ṣùgbọ́n ilé wa kì í ṣe rédíò. Ẹni tó bá fẹ́ mọ ohun tó ṣẹlẹ̀, kó wá wò ó."

"Hàwáwù, owó ṣọ́ọ̀bù tuntun rẹ kò tíì pé o."

"Mo mọ̀. Bọ́tìnnì mi ò sunkún pé ibi tí wọ́n wà há. Èmi ni mo sọ pé kẹ́ ẹ lọ, àbí? Èmi náà ni mò ń sọ pé ẹ máa bọ̀. Òrùlé ti wà. Èyí tó kù, ká jọ wà lábẹ́ rẹ̀."

Mujeeb rẹ́rìn-ín. Ó ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti fúyẹ́ bẹ́ẹ̀. "Sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ fún mi, jọ̀ọ́. Mi ò ní tà á."

"Ẹ wá wò ó," ó ní, ó sì pa fóònù.

Nígbà tí Mujeeb sọ fún Alhaji pé òun fẹ́ padà sílé, bàbá náà kọ́kọ́ ṣe bí oníṣòwò. Ó ní òun máa fi kún owó oṣù. Mujeeb dọ̀bálẹ̀, ó dúpẹ́, ó ní kì í ṣe pé owó náà kéré. Alhaji ní kó kó ìyàwó àtàwọn ọmọ wá, yàrá pọ̀.

"Bí mo bá kó wọn wá síbí, sà," Mujeeb sọ, "kí la máa rí sọ? Wọ́n á kàn máa wo omi tó ń wọ́n koríko."

Alhaji wo koríko rẹ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín tó rẹ̀ ẹ́ díẹ̀. "Ta ló wá máa tún irùngbọ̀n mi ṣe?"

"Ẹ jẹ́ kó hù ná, sà. Tó bá hù, ẹ gbé e wá sí Ẹnu Ọ̀wá. Bẹ́ǹṣì wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ máa tò o."

Alhaji ṣe oore fún un, ó sì ní kí dírẹ́bà gbé e dé ẹnu ọ̀nà ilé.

Kì í ṣe pé gbogbo nǹkan dẹrùn lọ́gán. Ọ̀sẹ̀ tó dé ni iná lọ, tí kò dé fún ọjọ́ mélòó kan. Mujeeb dùbúlẹ̀ nínú ooru, ó ń sọ̀rọ̀ ẹ̀rọ amúlétutù bí ẹni tó ń ṣàárò ọ̀rẹ́ tó kú, títí Hàwáwù fi sọ fún un pé bó bá fẹ́, kó padà lọ fẹ́ ẹ. Àwọn kọ́sítọ́mà kan ti wá ibòmíì gba lọ, ó di ọ̀rọ̀ kó máa fà wọ́n bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ihsan ní tirẹ̀ kò yára gbà. Ó máa ń wo bàbá rẹ̀ láti ọ̀nà jíjìn, bí èèyàn ṣe ń wo ajá aládùúgbò. Nígbà tó yá, Mujeeb mú kílípà kan tó ti bàjẹ́, ó gbé e fún ọmọ náà, ó sì jókòó sílẹ̀ síwájú rẹ̀, ó tẹ orí ba. Ihsan gẹ irun bàbá rẹ̀ láti iwájú dé ẹ̀yìn, ó ń fi ẹnu ṣe ariwo ẹ̀rọ. Ó gẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kejì, ó tún gẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ kẹta. Kò sẹ́ni tó ka ọjọ́ tí ó dáwọ́ pípe fóònù ní bàbá dúró.

Ọjọ́ Sátidé kan ni ọkọ̀ dúdú náà tún yọ. Irùngbọ̀n Alhaji ti hù lóòótọ́, ó funfun, ó sì kún bí òwú. Aládùúgbò wọn kan, Azeemah, ló wà níwájú rẹ̀ pẹ̀lú ọmọ tuntun tí Mujeeb ti fá orí rẹ̀ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ, tí irun rẹ̀ sì tún ti hù ní apá kan, tí kò hù ní apá kejì. Àwọn ọkùnrin mìíràn tún wà lẹ́yìn Azeemah. Dírẹ́bà fẹ́ lọ sọ fún Mujeeb pé ọ̀gá dé. Alhaji dá a dúró.

"Wọ́n ní kí n tò," ó ní, ó sì jókòó.

Wọ́n sún fún un. Túnjí, tí kò mọ̀ pé ìtàn aró orí tirẹ̀ náà ti dé ọ̀nà Ẹ̀pẹ́, kí i tẹ̀yẹtẹ̀yẹ. Alhaji wo irun orí rẹ̀, ó gbé ojú kúrò kíákíá. Azeemah ní kí bàbá bá òun gbé ọmọ díẹ̀ kí òun fi ra omi. Nígbà tó fi máa padà, ọmọ ti sùn lé aṣọ funfun Alhaji, itọ́ rẹ̀ sì ti ṣe àwòrán síbẹ̀.

"Ẹ fi í sílẹ̀," Alhaji sọ. "Ẹ jẹ́ kí àwọn tó kù kọjá."

Ìyá Àgbà tẹ orí jáde lójú fèrèsé. Ó ti ń wo àlejò náà látìgbà tó ti jókòó. "Ọmọ ta ni yẹn?"

"Màámi, Alhaji Jimoh ni," Mujeeb dáhùn láti inú ṣọ́ọ̀bù.

"Mi ò béèrè orúkọ rẹ̀. Ọmọ ta ni?"

Alhaji gbójú sókè. Ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti bi í ní irú ìbéèrè bẹ́ẹ̀. "Ọmọ Lafíàjí ni mí, mà. Ìyá mi ni wọ́n ń pè ní Ìyá Onígò."

Ìyá Àgbà di irin fèrèsé mú, ó wo ojú rẹ̀ dáadáa. "Ìyá Onígò tó máa ń ru ìgò òfìfo kọjá níbí, tó máa ń jókòó ti ìyá ọkọ mi kó tó máa lọ? Ṣé ìwọ wá ni Jimoh tó gun orí òrùlé lọ́jọ́ tí wọ́n fẹ́ mú un lọ sí ilé kéú, tí ó ní òun ò ní sọ̀ kalẹ̀ àfi bí wọ́n bá fún òun ní gúgúrú?"

Gbogbo bẹ́ǹṣì yíjú sí i. Ọmọ Azeemah mira lórí ẹsẹ̀ rẹ̀, ó tún sùn lọ.

"Ìyá," Alhaji sọ, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín kí ọmọ má baà jí, "ẹ jọ̀ọ́, dírẹ́bà mi wà níbí."

"Kí dírẹ́bà sún mọ́ ibí," Ìyá Àgbà sọ, "kó lè gbọ́ dáadáa. Ọjọ́ náà, oòrùn mú gan-an..."